Ààbò aláìsàn àti ààbò òṣìṣẹ́ ní réanimation: ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún

Ní oṣù kìíní ọdún 2016, ibà kan mú àwọn òṣìṣẹ́ ìlera mélòó kan ní kọ́múùnù Tchaourou, ní ìsàlẹ̀ Parakou. Kò sẹ́ni tó mọ irú ibà tó jẹ́. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà ni àwọn aláṣẹ gbọ́ sí i. Nígbà tó di ọjọ́ 25, orílẹ̀-èdè Benin fi tó Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí a mọ̀ sí OMS, létí pé ibà Lassa ti wọlé. Kó tó di ìparí oṣù kejì, iye àwọn tó kú, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n fura pé òun ló pa wọ́n, ti lé ní 20.

Ẹ̀yin ará wa, ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ara àwọn tó ń tọ́jú ènìyàn ni àìsàn náà ti kọ́kọ́ hàn sójú táyé. Bí nọ́ọ̀sì bá dùbúlẹ̀, ta ni yóò tọ́jú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé dé láti Kilibo tàbí láti Ṣábẹ? Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé nínú àkọsílẹ̀ yìí nìyẹn: ààbò aláìsàn àti ààbò òṣìṣẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ méjì, pàápàá jù lọ ní ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní réanimation. A ó sọ ohun tí ẹ̀ka náà jẹ́, ewu tó wà níbẹ̀, ọ̀nà tí àwọn oníṣègùn fi ń dín in kù, àti ipa tí àwa ẹbí aláìsàn ní láti kó.

Kí ni réanimation?

Réanimation ni ẹ̀ka ilé ìwòsàn tí wọ́n ń gbé ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu gan-an lọ. Ẹni tí kò lè dá mí wà níbẹ̀. Ẹni tí jàǹbá zémidjan fọ́ lórí wà níbẹ̀. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ, ọmọ kékeré tí ibà ẹ̀fọn gbé dákú, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá fún, gbogbo wọn ni wọ́n ń gbé lọ síbẹ̀. Níbẹ̀, tọ̀sán tòru ni wọ́n ń ṣọ́ aláìsàn: ẹ̀rọ ń ka bí ọkàn ṣe ń lù, wọ́n ń fún un ní oxygène, wọ́n ń fi sérọ́ọ̀mù àti oògùn sí i lára ní ìwọ̀n-ìwọ̀n. Ní àríwá orílẹ̀-èdè wa, ilé ìwòsàn ńlá Parakou, ìyẹn CHUD Borgou-Alibori, ni ọ̀pọ̀ irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ ń forí lé.

Àwọn kan gbà pé ẹni tó bá ti wọ réanimation, òkú ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Torí kí ó má baà kú ni wọ́n ṣe gbé e lọ. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni pé ibẹ̀ kò gba àìbìkítà, nítorí àṣìṣe kékeré tí ara ẹni líle lè gbà, ara ẹni tó wà níbẹ̀ kò lè gbà á.

Ewu fún aláìsàn

Àwọn ohun tí wọ́n fi ń gba ẹ̀mí là náà lè di ọ̀nà tí ewu ń gbà wọlé. Rọ́bà tí wọ́n kì bọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá lè gbé kòkòrò àìsàn lọ tààrà sínú ẹ̀jẹ̀, bí ọwọ́ ẹni tó kì í kò bá mọ́. Èyí tí wọ́n kì bọ ọ̀nà ọ̀fun kí ẹ̀rọ lè bá aláìsàn mí lè jẹ́ kí itọ́ ẹnu sọ̀ kalẹ̀ lọ ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gbé orí ibùsùn sókè díẹ̀, ní ìwọ̀n 30 sí 45 degré, bí kò bá sí ohun tó dí i lọ́wọ́. Tí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ẹ má tẹ́ ẹ padà sílẹ̀ pé kí èèyàn yín lè sùn dáadáa.

Ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà, egbò lè yọ sí i ní ìdí àti ní gìgísẹ̀. Nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ máa yí i láti ìgbà dé ìgbà. Oògùn ibẹ̀ lágbára: àmì kékeré kan tí wọ́n bá ṣì kà nínú iye rẹ̀ lè sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Ìgò oxygène sì lè tán lóru nígbà tí kò sẹ́ni tó wò ó. OMS sọ pé káàkiri àgbáyé, nínú aláìsàn 10, bíi 1 ni ìtọ́jú fúnra rẹ̀ máa ń ṣe léṣe. Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan.

Ewu fún òṣìṣẹ́

Abẹ́rẹ́ ló ṣáájú. Bí abẹ́rẹ́ tó ti kan ẹ̀jẹ̀ aláìsàn tó ní hépatite B bá gún òṣìṣẹ́ tí kò gba àjẹsára, ó lè tó 30 nínú 100 irú wọn tí yóò kó àrùn ẹ̀dọ̀ náà. Ti hépatite C jẹ́ bíi 2 tàbí 3 nínú 100. Ti kòkòrò VIH tó ń fa sida jẹ́ bíi 3 nínú 1000. Àjẹsára wà fún hépatite B. Oògùn wà tí wọ́n lè lò kíákíá lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ bá gún ènìyàn kí VIH má baà ràn án, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 72, bó bá sì yá jù bẹ́ẹ̀ lọ ló dára jù. Òṣìṣẹ́ tó bá fi í pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù pé wọ́n á bú òun, ẹ̀mí ara rẹ̀ ló fi ń ta tẹ́tẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ lè ta sí ojú. Ikọ́ aláìsàn lè fọ́n sí imú. Gbígbé ẹni tó dákú ń ba ẹ̀yìn jẹ́. Àìsùn ń jẹ́ kí orí wúwo. Ọ̀rọ̀ kan sì wà tí a kì í fẹ́ sọ: àwọn ẹbí aláìsàn tó ń lu nọ́ọ̀sì nígbà tí èèyàn wọn bá kú.

Ẹ wá wò ó bí ewu méjèèjì ṣe so pọ̀. Nọ́ọ̀sì tí oorun ń kùn ló lè fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀. Òun náà ló lè ṣi oògùn kà. Ọwọ́ tí wọn kò fọ̀ ń gbé kòkòrò lọ sára aláìsàn, ó sì ń gbé e bọ̀ wá sílé fún ọmọ òṣìṣẹ́. Ibi tí ìbọ̀wọ́ ti tán, àwọn méjèèjì ló wà nínú ewu. Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́.

Ohun tí Lassa fi hàn wá

Ìtàn ibà Lassa láti ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ ìtàn àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn. Lọ́dún 1969, nọ́ọ̀sì ìjọ Ọlọ́run kan, Laura Wine, ṣàìsàn ní ìlú Lassa, ní ìlà oòrùn àríwá Nàìjíríà. Wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sí Jos, ó sì kú níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀, Charlotte Shaw, ní ojú ọgbẹ́ kékeré ní ìka ọwọ́. Òun náà kú. Nọ́ọ̀sì kẹta, Lily Pinneo, tó tọ́jú Shaw, kó o pẹ̀lú. Wọ́n gbé e lọ sí New York, òun sì yè é. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, dókítà Jeanette Troup, tó ti ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà ní Jos, gé ara rẹ̀ lọ́wọ́ níbi tó ti ń ṣe àyẹ̀wò òkú, ó sì bá a lọ.

Eku kan tó ní ọmú púpọ̀, tó ń gbé inú ilé àti inú oko, ló ń gbé kòkòrò náà kiri. Ìtọ̀ rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń ba oúnjẹ jẹ́. Lẹ́yìn èyí, ẹ̀jẹ̀ àti omi ara ẹni tó ń ṣàìsàn lè ràn án sí ẹlòmíràn. Ó máa ń gba ọjọ́ 2 sí 21 kó tó fi ara hàn. Nínú àwọn tó bá kó o, bíi 80 nínú 100 ni kò ní rí ju ibà díẹ̀ lọ, tàbí kí wọ́n má tilẹ̀ mọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó bá le dé ilé ìwòsàn, bíi 15 nínú 100 ló ń kú. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jọ ibà ẹ̀fọn: ara gbígbóná, orí fífọ́, ọ̀fun dídùn, èébì. Ibẹ̀ ni ewu wà, nítorí wọ́n á kọ́kọ́ tọ́jú rẹ̀ bí ibà ẹ̀fọn.

Benin ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní ìparí ọdún 2014, ó jà ní Tanguiéta, ní Atacora, ó sì dé ara àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Ti 2016 ní Tchaourou ni a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kejì ọdún 2017, aboyún kan tó wá láti Nàìjíríà, nítòsí ààlà, bímọ nípa iṣẹ́ abẹ ní ilé ìwòsàn kan ní kọ́múùnù Tchaourou náà, ó sì kú. Bàbá gbé ọmọ tuntun náà, wọ́n kúrò níbẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ní Mango, ní Tógò, ni wọ́n ti rí wọn. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta ni àìsàn kan ṣoṣo kó sínú wàhálà, tí wọ́n ní láti máa wá gbogbo ẹni tí wọ́n fara kàn.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé kí òṣìṣẹ́ má dúró de orúkọ àìsàn kó tó dáàbò bo ara rẹ̀. Aláìsàn yòówù kó jẹ́, kí ó wọ ìbọ̀wọ́ nígbà tó bá máa fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ tàbí omi ara, kí ó bo imú àti ojú bí nǹkan bá lè ta, kí ó má dé abẹ́rẹ́ tó ti lò padà, kí ó jù ú tààrà sínú páálí tí wọ́n ń pè ní boîte de sécurité.

Kí là ń pè ní àṣà ààbò?

Èèyàn lè ra ẹ̀rọ, èèyàn lè lẹ ìwé òfin mọ́ ògiri, síbẹ̀ kí àṣà ààbò má sí níbẹ̀. Àṣà ni ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe ní aago mẹ́ta òru nígbà tí ọ̀gá kò sí nílé. Ohun mẹ́rin ló dúró lé lórí.

*Èkíní, kí ẹni kékeré lè sọ̀rọ̀.* Nínú ilé wa, ọmọdé kì í já lu ọ̀rọ̀ àgbà. Ó dára bẹ́ẹ̀ nílé. Ní réanimation, ìdákẹ́ ọmọdé lè pa ènìyàn. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tó dúró lẹ́sẹ̀ ibùsùn lè rí ohun tí dókítà ńlá kò rí. A lè fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́: « Ẹ má bínú, Dókítà, ìbọ̀wọ́ yín ti kan ibùsùn. » Ìdáhùn tó yẹ kò ju « O ṣé » lọ, kí ó sì pààrọ̀ ìbọ̀wọ́ náà.

Lọ́dún 2001, dókítà réanimation kan ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà, Peter Pronovost, kọ ohun márùn-ún sílẹ̀ tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe bí wọ́n bá fẹ́ ki rọ́bà bọ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá: kí wọ́n fọ ọwọ́, kí wọ́n fi oògùn apakòkòrò nu awọ ara, kí wọ́n fi aṣọ mímọ́ bo aláìsàn, kí wọ́n sì wọ aṣọ àti ìbòmú, kí wọ́n yẹra fún ìtan bó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n yọ rọ́bà náà kíá tí kò bá wúlò mọ́. Kò sí ohun tuntun níbẹ̀. Ohun tuntun ni pé wọ́n fún nọ́ọ̀sì láṣẹ láti dá dókítà dúró tó bá fo ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ìpínlẹ̀ Michigan, ní ẹ̀ka réanimation tó lé ní 100, láàárín oṣù mẹ́ta, ó ju ìdajì wọn lọ tí kò rí irú àkóràn bẹ́ẹ̀ mọ́ rárá. Ìwé tí wọ́n kọ lórí rẹ̀ jáde lọ́dún 2006.

*Èkejì, kí a bi « kí ló fà á? » kí a tó bi « ta ló ṣe é? »* Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ìgò kékeré chlorure de sodium àti ti chlorure de potassium lè jọra. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ omi iyọ̀. Èkejì, bí wọ́n bá fún un lẹ́ẹ̀kan náà láìfi omi là á, lè dá ọkàn dúró. Bí nọ́ọ̀sì bá ṣì í mú lóru, tí wọ́n lé e lọ, ìgò méjèèjì ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọ́n ń dúró de nọ́ọ̀sì mìíràn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá bèèrè ohun tó fà á, wọn á kó potassium lọ sínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀tọ̀. Èyí kò sọ pé kí ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ láìjìyà. Ẹni tó mutí wá síbi iṣẹ́, ẹni tó jí oògùn tà, ìjìyà tọ́ sí i. Àṣìṣe yàtọ̀ sí ìwà ìkà.

*Ẹ̀kẹta, kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀.* Kì í ṣe jàǹbá tó ṣẹlẹ̀ nìkan, èyí tó kù díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀ náà. Ní àwọn ilé ìwòsàn tó ń sọ Faransé, wọ́n ní ìpàdé kan tí wọ́n ń pè ní revue de mortalité et de morbidité, níbi tí wọ́n ti ń jókòó gbé ikú àti jàǹbá yẹ̀ wò láìka ẹnikẹ́ni sí ọ̀daràn, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n máa yí padà.

*Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n máa tún ọ̀rọ̀ sọ.* Bí dókítà bá fi ẹnu pàṣẹ oògùn, kí nọ́ọ̀sì tún orúkọ oògùn náà sọ, iye rẹ̀, àti aláìsàn tó ni ín. Bí àwọn ará ọ̀sán bá ń fi iṣẹ́ lé àwọn ará òru lọ́wọ́, kí wọ́n ṣe é lẹ́bàá ibùsùn.

Ọwọ́ fífọ̀ kò rọrùn bí a ṣe rò

Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ó yẹ ká fọ ọwọ́. Láti Geneva ni dókítà Didier Pittet ti jẹ́ kí ayé mọ̀ pé jẹ́ẹ̀lì ọlọ́tí yá ju omi àti ọṣẹ lọ fún òṣìṣẹ́ tó ń sáré láti ibùsùn kan dé èkejì. Láàárín 2006 sí 2008, wọ́n dán an wò ní ilé ìwòsàn Point G ní Bamako, ní Málì. Ọtí tí wọ́n yọ láti inú ìrèké ilẹ̀ wọn ni wọ́n fi po jẹ́ẹ̀lì náà. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, nínú ìgbà 100 tó yẹ kí òṣìṣẹ́ fọ ọwọ́, ìgbà 8 péré ni wọ́n ń fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di bíi 22. Ìtẹ̀síwájú gidi ni, ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ìrìn-àjò ṣì kù. Bí a bá gbé ohun èlò dé, a ní láti gbé àṣà dé pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ èdè

Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ tó ń fi èdè méjì ṣiṣẹ́, mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ síbí. Ní Parakou, aláìsàn lè máa sọ Nàgó, kí nọ́ọ̀sì máa sọ Bàrìbá tàbí Dendi, kí dókítà máa sọ Fọ̀n, kí ìwé sì wà ní Faransé. Ẹ wo ọ̀rọ̀ kan péré: « ìjẹta ». Bí màmá bá ní ìjẹta ni ibà bẹ̀rẹ̀, « avant-hier » ló ń sọ, torí àwa máa ń ka òní mọ́ ọn. Ẹni tó gbọ́ « ẹẹ́ta » nínú rẹ̀ lè túmọ̀ rẹ̀ sí « il y a trois jours ». Ọjọ́ kan ti ṣìnà. Bẹ́ẹ̀ bí ó bá jẹ́ Lassa, ọjọ́ tí ibà bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n máa fi mọ àwọn tó fara kan aláìsàn, tí wọ́n á sì ṣọ́ wọn fún ọjọ́ 21. Nítorí náà, ẹ sọ orúkọ ọjọ́ náà: « ọjọ́ Tuside, ọjọ́ ọjà wa ». Bí wọ́n bá ṣàlàyé oògùn fún yín, ẹ tún un sọ padà fún wọn kí wọ́n lè mọ̀ pé ó yé yín.

Iṣẹ́ tiwa, ẹbí aláìsàn

1. Ẹ sọ òtítọ́. Ibi tí aláìsàn ti dé, òkú tó bá wẹ̀, àgbo tó mu, oògùn tí ẹ rà lẹ́bàá títì. Ní oṣù keje ọdún 2014, ọkùnrin kan tó gbé Ebola dé Èkó sọ pé òun kò fara kan ẹnikẹ́ni tó ní in. Dókítà Ameyo Adadevoh fura, ó sì kọ̀ láti jẹ́ kó lọ láìka gbogbo bí wọ́n ṣe ń fúngun mọ́ ọn sí. Ó gba Nàìjíríà là, ṣùgbọ́n àìsàn náà pa òun fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ.
2. Ẹ fọ ọwọ́ nígbà tí ẹ bá ń wọlé àti nígbà tí ẹ bá ń jáde. Ẹ má jókòó lórí ibùsùn. Ẹ má rò ó pé wọ́n kórìíra yín bí wọ́n bá ní kí ẹnì kan ṣoṣo wọlé.
3. Ẹ má fọwọ́ kan sérọ́ọ̀mù, rọ́bà tàbí oxygène. Ẹ má fún aláìsàn ní àgbo tàbí ẹ̀kọ ní kọ̀rọ̀: ẹni tí kò lè gbé nǹkan mì dáadáa, ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ̀kọ náà ń lọ.
4. Ẹ bèèrè. « Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ọ̀sì, oògùn wo nìyí? » Kì í ṣe àrífín.
5. Ẹ má gbé ọwọ́ sókè sí òṣìṣẹ́. Bí inú bá bí yín, ẹ ní kí wọ́n pe olórí àwọn nọ́ọ̀sì.
6. Ẹ má gbé aláìsàn sá. Bí owó ló dé, ẹ sọ ọ́. Ẹ rántí ọmọ tuntun tó dé Mango.
7. Bí ó bá kú, tí wọ́n sì fura sí ibà tó ń ràn, ẹ má wẹ òkú náà fúnra yín. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ṣe é, kí àdúrà sì tẹ̀ lé e.
8. Nílé, ẹ dé oúnjẹ, ẹ má sá gàrí sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ má fi ọwọ́ lásán gbé òkú eku.

Ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án

Láti ọdún 2019 ni OMS ti ya ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án sọ́tọ̀ fún ààbò aláìsàn ní gbogbo ayé. Lọ́dún 2020, nígbà tí Covid ń pa dókítà àti nọ́ọ̀sì káàkiri, ààbò òṣìṣẹ́ ni wọ́n fi ṣe kókó ọjọ́ náà.

A kò ní láti dúró de Parakou. Ọ̀pọ̀ aláìsàn tó ń dé réanimation ti kọ́kọ́ gba centre de santé abúlé kọjá. Nígbà tí ẹ bá tún débẹ̀, ẹ wo ohun mẹ́ta: ṣé omi àti ọṣẹ wà níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ènìyàn? Ṣé boîte de sécurité wà, tí kò tíì kún àkúnwọ́sílẹ̀? Ṣé ìbọ̀wọ́ wà? Bí ọ̀kan kò bá sí, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù sọ fún ọ̀gá ibẹ̀ àti fún relais communautaire yín. Garawa omi tó ní ẹ̀rọ ìṣí àti ọṣẹ kan kò ju agbára abúlé lọ.